Ilé ló ń ṣáájú ọ̀nà: bí àdúgbò ṣe ń hù láàárín Tchaourou àti Parakou

Lórí máàpù, Parakou kéré ju òkìkí rẹ̀ lọ. Gbogbo ilẹ̀ tó ní gẹ́gẹ́ bí kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kò ju nǹkan bí 441 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, Tchaourou ló sì yí i ká ní ìlà-oòrùn, ní gúúsù àti ní ìwọ̀-oòrùn. N'Dali ló bá a pààlà ní àríwá. Tchaourou ní tirẹ̀ tó 7,256 kìlómítà onígun mẹ́rin; kò sí kọ́múùnù tó fẹ̀ tó o ní gbogbo Benin. Nítorí náà, bí Parakou bá ń sanra, orí ilẹ̀ Tchaourou ló máa sanra sí, ó pẹ́ ni, ó yá ni.

Ó sì ń sanra. Ìkànìyàn ọdún 2002 ka 149,819 èèyàn ní Parakou. Ti ọdún 2013 ka 255,478. Láàárín ìkànìyàn méjèèjì yìí kan náà, Tchaourou kúrò ní 106,852, ó di 223,138. Ọmọ bíbí nìkan ò lè sọ iye èèyàn di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mọ́kànlá. Èèyàn ń wọlé: àgbẹ̀ ń wá ilẹ̀ iṣu, awakọ̀ ń wá ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò sùn, tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń wá pulọ́ọ̀tì tí owó oṣù wọn ká. Àdúgbò tuntun tí à ń rí lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀dà, láti Tchaourou gba Tchatchou lọ títí dé ẹnu ibodè Parakou, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ló ti jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba ló ń dá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba kọ́.

Ẹni tó bá mọ Bọ́dìjà ní Ìbàdàn mọ irú èyí tí ìjọba dá sílẹ̀. Ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé àjọ ilé kíkọ́ kalẹ̀, kò sì pẹ́ tí àjọ náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bọ́dìjà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n kọ́lé, ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é létí ìlú àwọn Òyìnbó, lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba kó wọlé, tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní agbègbè Tchaourou, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ dé, á kọ́lé. Ìgbà tí ilé bá pọ̀ tó ni awọnlẹ̀ á wá fa ìlà. Ọ̀nà á tẹ̀lé ìlà, iná á tẹ̀lé ọ̀nà, omi á sì dé nígbà tó bá wù ú.

Kí àlejò ní ìhà tirẹ̀ nínú ìlú kì í ṣe nǹkan tuntun ní Borgou, ẹkùn tí Parakou àti Tchaourou wà. Láyé ìgbà tí àwọn oníṣòwò ń kó obì láti ilẹ̀ Gonja lọ sí ilẹ̀ Hausa, Djougou, Parakou àti Nikki wà lára ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn Wangara, oníṣòwò tó jẹ́ mùsùlùmí, kì í gbé pọ̀ mọ́ àwọn ìjòyè Ìbàrìbá. Àdúgbò tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Maro, ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú lèmọ́mù tiwọn àti ilé kéwú tiwọn. Ọba ń dáàbò bò wọ́n, òwò wọn sì ń bọ́ ààfin. Nígbà tó yá, àdúgbò Zongo dé fún àwọn Hausa àti àwọn mìíràn tó ń bá ẹrù rìn. Àwọn Yorùbá láti ìhà Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà dé, aṣọ àti wóróbo lọ́wọ́, wọ́n bá àwọn Nàgó tó ti ń gbé ilẹ̀ náà tipẹ́, àwọn tí èdè wọn bá ti Ṣábẹ̀ẹ́ tan. Ẹ óò rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣètò ìlú lórí pépà nígbà náà. Ẹni tó gba àlejò ló ń fi ibi tí àlejò máa sùn hàn án.

Reluwé ló kọ́kọ́ da ètò yìí rú. Àwọn Faransé ti la ojú irin láti Cotonou dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1936 kó tó dé Parakou, kìlómítà 438 sí etí òkun. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kó dé ilẹ̀ Niger. Kò dé ibẹ̀. Dídúró tó dúró yìí ló sì sọ Parakou di ohun tó dà lónìí, nítorí gbogbo ẹrù reluwé tó bá ń lọ sí Niger tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ nígbà náà ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Parakou, kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin bọ́ sínú lọ́rì, tàbí kúrò nínú lọ́rì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin. Láwọn ọdún 1950, ẹ̀pà Niger gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Cotonou ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀, alágbàárù á wà níbẹ̀, akọ̀wé á wà, mẹkáníìkì á wà, olóúnjẹ á wà. Fọn àti Gùn ti gúúsù gòkè wá ṣiṣẹ́ reluwé, wọn ò sì padà.

Ní ti Tchaourou àti Tchatchou, ibùdókọ̀ ojú irin kékeré ni tiwọn, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ náà fa ọjà, ọjà fa ilé. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà tó ti Cotonou lọ sí Malanville wá gbilẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ díẹ̀díẹ̀, ọjà kọ ẹ̀yìn sí irin, ó kọjú sí ọ̀dà. Ọkọ̀ ojú irin kì í gbé èrò kọjá mọ́ báyìí. Ẹni tó bá ti ojú pópó wọ inú Tchaourou á rí i pé ìsọ̀ iṣu, ìsọ̀ èédú, tábìlì epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo, ilé iyán àti ibi tí lọ́rì ń dúró sí ló gba iwájú, tí àwọn agbo ilé àtijọ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Èmi gbà pé ọ̀nà ọ̀dà yìí ló ń ṣe ìlú náà ní báyìí ju ààfin àti mairie, ọ́fíìsì kọ́múùnù, lọ.

Ó wá ku ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti lóye bí oko ṣe ń di àdúgbò, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kajú. Tchaourou jẹ́ ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ kajú, ilẹ̀ òwú àti ẹ̀wà sóyà. Àwọn Ditammari àti àwọn mìíràn láti òkè Atacora, níbi tí ilẹ̀ ti gbó, ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti dáko. Onílẹ̀ á gbà wọ́n, á fún wọn ní ibi tí wọn óò gbin iṣu àti àgbàdo, wọn óò sì máa fún un ní ìṣákọ́lẹ̀ nígbà ìkórè. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe: wọn ò gbọ́dọ̀ gbin igi. Iṣu kì í kọjá ọdún kan nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kajú á wà níbẹ̀ títí ọmọ ẹni tó gbìn ín yóò fi di àgbàlagbà, kò sì sí ìgbẹ́jọ́ àwọn àgbà tí kì í bi ẹni tó ń jà sí ilẹ̀ pé, "Igi ta ló wà níbẹ̀?" Nítorí náà, oko kajú tó wà lẹ́bàá títì sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí onílẹ̀ gan-an, òun náà sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà nígbà tí ìlú bá sún mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyí. Bàbá onílẹ̀ kú, àwọn ọmọ fẹ́ pín ogún. Ẹnì kan nínú wọn ń gbé Cotonou, ó fẹ́ owó, kò fẹ́ kajú. Wọ́n pe ẹni tó mọ bí a ti ń wọn ilẹ̀, ó fi okùn àti igi pín oko náà sí mítà 20 ní ìbú, mítà 25 ní gígùn, èyí tó fún wọn ní 500 mítà onígun mẹ́rin, ìwọ̀n tí gbogbo ará Benin mọ̀ sí parcelle kan. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó á gba ìdajì. Ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan á gbé oníbàárà wá, alárinà á tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n á kọ ìwé àdéhùn, convention, ẹlẹ́rìí á tọwọ́ bọ̀ ọ́, olórí àdúgbò á lu òǹtẹ̀, wọn óò sì gbé e lọ sí mairie. Wọ́n á ri òpó kọnkéré kékeré mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igi kajú tó bá bọ́ sí àárín pulọ́ọ̀tì á di èédú. Èyí tó bá bọ́ sí orí ààlà ló ń fa ìjà.

Ẹni tó rà kì í sábà ní owó ilé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ṣófo léwu, nítorí wọ́n lè tún un tà fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní irú àdúgbò yìí, ọgbà ló ń ṣáájú ilé. Ògiri búlọ́ọ̀kù á yí pulọ́ọ̀tì ká, ilẹ̀kùn irin á wà níbẹ̀, àgbàdo ni yóò sì máa hù nínú ọgbà náà fún ọdún púpọ̀. Àwọn mìíràn kọ́ yàrá kan sí igun, wọ́n fi ẹnì kan sínú rẹ̀ tí kì í san owó ilé, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé irú àwọn olùṣọ́ yìí ni ará àdúgbò àkọ́kọ́ ní tòótọ́: àwọn ló mọ ejò ibẹ̀, àwọn ló la ọ̀nà ẹsẹ̀ tí gbogbo ènìyàn padà wá ń tọ̀. Nígbà tí onílé bá fẹ́ wọlé, wọ́n á lọ sí pulọ́ọ̀tì mìíràn níwájú.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ilé kíkọ́. Òjò Borgou kò pín sí méjì bíi ti gúúsù. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ló ń rọ̀. Wọ́n máa ń yára gé búlọ́ọ̀kù lójú ilẹ̀, nítorí omi kànga á ti jìn, á sì gbówó lórí bí òjò bá pẹ́. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́lé ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà kọjá. Okùn ẹni tó pín pulọ́ọ̀tì kò bi omi léèrè. Ilé mélòó kan máa ń bá ara wọn nínú àbàtà lọ́dún kìíní, wọ́n á wá ru yẹ̀pẹ̀ wá gbé ojúlé wọn sókè, omi á yà sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ń dé. Ohun tí wọ́n ń pè ní lotissement ni pé kí mairie gbé awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, géomètre, wá kó gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ sílẹ̀: ilé wo, ọgbà wo, ti ta ni. Wọ́n á ya máàpù tuntun tí ọ̀nà rẹ̀ tọ́, tí ibi ilé ìwé, ibi ọjà àti ibi ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni wọn óò ti rí ilẹ̀ fún ọ̀nà àti ilé ìwé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti ní olówó? Ọwọ́ gbogbo wọn ni wọn óò ti gé e. Ilẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan á dín ní ìwọ̀n kan, ẹni tí ọ̀nà bá sì gba àárín ilé rẹ̀ ni wọn óò wá ibòmíràn fún, èyí tí wọ́n ń pè ní recasement. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù lọ. Ẹni tó ní pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá lè fara da á bí wọ́n bá gé e kù. Ẹni tí ìdajì parcelle nìkan ló rà kò ní ohun tí wọ́n lè gé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbìmọ̀ tó ń pín ibi tuntun fún àwọn èèyàn kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń pín in fún. Lójú tèmi, ètò náà dára lórí ìwé, àmọ́ pípẹ́ tó ń pẹ́ kó tó dé ló ń bà á jẹ́: ká ní wọ́n fa ìlà nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko kajú, igi ni wọn ìbá gé, kì í ṣe yàrá.

Òfin ilẹ̀ Benin ti yí padà. Òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017, kò ka ìwé àdéhùn lásán sí ẹ̀rí pé èèyàn ló ni ilẹ̀ mọ́. Titre foncier ni ẹ̀rí, ANDF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló sì ń fún èèyàn. Láàárín méjèèjì ni ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni gẹ́gẹ́ bí àṣà, attestation de détention coutumière, èyí tí ọ̀pọ̀ ará abúlé lè rí gbà. Ní àdúgbò etí ìlú, ẹ óò bá oríṣi ìwé mẹ́ta ní ilé mẹ́ta tó fara kan ara wọn, onílé kọ̀ọ̀kan á sì sùn ní tirẹ̀ bó ṣe dá a lójú tó.

Iná mànàmáná ní ìtàn tirẹ̀. Òpó iná SBEE, iléeṣẹ́ mànàmáná Benin, máa ń dúró níbi tí ọ̀nà tó ní ìlà dúró sí. Ẹni tó wà kọjá ibẹ̀ á lọ bá onílé tó ní mítà, wọ́n á dúnàádúrà, á ra wáyà, á gbé e kọ́ orí igi tàbí ọparun, ó lè ré kọjá ilé mẹ́wàá kó tó dé tirẹ̀. Wáyà mìíràn á tẹ̀lé e. Toile d'araignée, òwú aláǹtakùn, ni wọ́n ń pe àwọn wáyà wọ̀nyí káàkiri Benin. Onímítà ló ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn lóṣù, iye tó bá sì wù ú ló ń gbà, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè ka ìwọ̀n iná tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tan tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù ẹni tó kẹ́yìn á pọ́n bí ẹyín iná. Bí afẹ́fẹ́ bá wó igi kan, òpópónà mẹ́ta ló ń ṣókùnkùn.

Omi le ju iná lọ, nítorí wáyà kò sí fún un. Abẹ́ ilẹ̀ Borgou jẹ́ òkúta líle. Omi kì í dúró sínú òkúta àyàfi níbi tó bá là. Ẹnì kan lè gbẹ́ kànga kó rí omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ ní mítà ogún sí i kó bá àpáta pàdé. Nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, okùn kànga á máa gùn sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó lówó gbẹ́ ihò jíjìn tó ní ẹ̀rọ, ó gbé tánkì sókè, ó sì ń ta omi fún àdúgbò ní kẹ́ẹ̀gì. Omi ẹ̀rọ Parakou fúnra rẹ̀, orí odò Okpara ni wọ́n ti sé e, ní Kpassa, lórí ilẹ̀ kọ́múùnù Tchaourou. Àwọn ará Tchaourou kì í gbàgbé ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ààlà bá dé.

Ta ló wá ń gbé irú àdúgbò yìí? Ìdáhùn náà yàtọ̀ sí ti àdúgbò àtijọ́ tí Wangara ní Maro, tí Hausa ní Zongo. Níbi tí owó ti ń pín ilẹ̀, ẹni tó bá lówó lọ́jọ́ tí pulọ́ọ̀tì jáde ló ń gbé ibẹ̀. Tíṣà Ìbàrìbá, awakọ̀ Dẹ́ndì, ìyá Fọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ àgbà ti dé Parakou kí wọ́n tó bí i, Ditammari tó ti kúrò lóko tó sì di bíríkìlà. Dẹ́ndì ni wọ́n ń sọ lọ́jà Parakou, Nàgó àti Ìbàrìbá nínú ilé, Faransé fún awọnlẹ̀. Síbẹ̀, àtijọ́ kò tíì tán: ẹbí tó tà á máa ń kọ́kọ́ pe àna àti ọ̀rẹ́, nítorí náà ẹ óò rí òpópónà kan tí ilé mẹ́fà nínú rẹ̀ ti ìlú kan náà wá. Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2001, tún fi ìran mìíràn kún un. Onílé tó gbọ́n kọ́ ọ̀wọ́ yàrá kan sẹ́yìn ilé, entrer-coucher, yàrá tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń fojú kan ara wọn, ó fi í háyà fún akẹ́kọ̀ọ́, owó yẹn ló fi ń parí tiẹ̀.

Ẹni tí àdúgbò tuntun ń lé ni Fúlàní. Gáà wọn máa ń wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí màlúù ti lè jẹko. Ìlú á dé bá wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ abúlé àti àdúgbò tó fi Gah bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí, ibi tí ìyá Fúlàní ti ń se wàgàṣí, wàrà wọn, láàárọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà kan. Ọ̀nà màlúù kì í ní ìwé. Nígbà tí ọgbà búlọ́ọ̀kù bá dí i, olówó màlúù á yí gba ẹ̀yìn, oko iṣu ẹlòmíràn ni yóò sì bọ́ sí.

Ilé ìjọsìn kì í dúró de lotissement. Ẹnì kan á yọ̀ǹda pulọ́ọ̀tì kan fún mọ́sálásí, wọ́n á fi páànù kọ́ ọ ṣáájú. Ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù á tẹ̀lé e ní òpópónà kejì. Nígbà tí awọnlẹ̀ bá dé, ìlà ọ̀nà ló sábà máa ń yà fún wọn, wọn kì í yà fún ìlà ọ̀nà.

Ọ̀ràn ààlà ló kù, òun ló sì ń da àwọn tó ń rà lẹ́yìn Parakou láàmú. Onílé kan lè ṣiṣẹ́ ní Parakou, kó máa ná ọjà Arzèkè, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa lọ sí ilé ìwé Parakou, kí òun fúnra rẹ̀ máa sọ fún èèyàn pé Parakou lòun ń gbé. Ilé rẹ̀ wà ní Kika tàbí ní Tchatchou, ó sì di dandan kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwé ilẹ̀, nítorí mairie rẹ̀ wà ní ìlú Tchaourou, ibi tó lé ní kìlómítà 50 sí Parakou. Ìwé tó bá fi òǹtẹ̀ kọ́múùnù kejì lù kò ní wúlò fún un. Tchaourou ni yóò ti dìbò, ibẹ̀ náà ni owó orí ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Títì Parakou ló ń fi táyà ọ̀kadà rẹ̀ gbó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tchaourou, tó ní 7,256 kìlómítà onígun mẹ́rin láti bójú tó kó tó kan tirẹ̀.